Kọ́kọ́kọ́ Àlàmú Nínú Àwo Orin Oyinadé

                                        Ojúlé Kọkànlá, Òpópónà Adéwùnmí,
                                        Orílé Agége,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Àlàmú, ọ̀rẹ́ mi tí iṣẹ́ fi ta mí lọ́rẹ,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ìyá Uswat ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti rọlẹ̀? Uswat àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àgbò tí o pa ní Iléyá yìí sanra. Mo bá àgbò náà kẹ́dùn, mo sì bá eyín mẹ́rin tó kù sí ọ lẹ́nu kẹ́dùn jù ú lọ. Ní tèmi, ara le, àfi etí tí ẹ̀rọ ìhunṣọ ti jẹ kù. Kò burú. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ ládùúgbò yìí, kò yẹ ní gbígbọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbò ni mo tìtorí ẹ̀ mú bírò. Ọwọ́ rẹ ti ń dún lórí rédíò l'Ékòó, o ò sì mọ̀. Fara balẹ̀ kí n tò ó fún ọ.

O rántí Oyinadé, ọmọ Stella ọmọ mi, èyí tó tọ̀ sí ọ lágbádá lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Òun ló ń lu ìlù òyìnbó fún ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan tí wọ́n ń pè ní Àgádágodo. Má bi mí pé kí ni rọ́ọ̀kì. Ìlù á máa dún bí ìgbà tí ẹnì kan da páànù sílẹ̀ látorí òrùlé, jìtá á máa ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ẹnì kan á wá máa jágbe láàárín wọn. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, láti Maryland títí dé Abúlé Ẹ̀gbá, àwòrán wọn ló wà lára ògiri, pé àwo àkọ́kọ́ wọn ń bọ̀, pé irú rẹ̀ ò tíì sí rí. Èmi náà bá wọn polówó. Mo sọ fún ẹni tó bi mí, mo sọ fún ẹni tí kò bi mí.

Àwo jáde tán, àdúgbò pín sí méjì. Yẹ́misí aránṣọ iwájú ilé wa ní ariwo lásán ni, bí wọ́n bá ti tàn án, yóò ti fèrèsé. Kazeem tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lódìkejì ní òun ò gbọ́ orin tó dùn tó o rí láyé òun, ṣùgbọ́n ìwọ náà wo ohun tí Kazeem ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ní orin ayé ni, àwọn kan ní kí wọ́n wá kọ ọ́ fún wa níjọ́ ìkórè. Èmi gan-an, kí n má purọ́ fún ọ, orin kẹta máa ń fọ́ mi lórí. Mo kàn ń mi orí sí i nítorí pé ọmọ mi wà níbẹ̀.

Orí orin keje ni ọ̀rọ̀ ti wá le. "Ẹnu Iṣẹ́" ni wọ́n pè é. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan bọ́ sórí rédíò, ó ní àwo náà ì bá dára, ṣùgbọ́n onílù kọsẹ̀ nínú orin keje. Ó ní ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan tó gbẹ̀yìn wá pẹ́ kó tó dé, pé ọmọ náà ò mọ ìlù í lù. Ọ̀rọ̀ yìí tàn bí iná ọyẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Olúwarótìmí, olórí ẹgbẹ́ wọn, fi sọ fún Oyinadé pé àwọn ti rí onílù mìíràn tí yóò tún orin náà lù, ẹni yẹn náà ni yóò sì bá àwọn ṣeré n'Íkẹjà lópin oṣù. Oyinadé ṣàlàyé fún un pé ọ̀dọ̀ mi lòun ti kọ́ ọ. Olúwarótìmí ní ọ̀rọ̀ bàbá àgbà ò kan orin. Ọmọ mi kó ọ̀pá ìlù rẹ̀ méjèèjì sínú láílọ́ọ̀nù, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní iṣẹ́ báǹkì lòun ń wá báyìí.

Méjì, mẹ́ta, lẹ́yìn náà ọ̀kan tó pẹ́. Àlàmú, ṣé o ti dá a mọ̀?

Ẹ̀rọ rẹ ló wà nítòsí ẹnu ọ̀nà nílé iṣẹ́ ìhunṣọ wa. Nínú ariwo yẹn, ta ní í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni? Ìwọ lo máa ń fi sípánà kan páìpù bí ọ̀gá bá ń bọ̀, kí àwa tí à ń tòògbé lè jí. Ọ̀kan tó gbẹ̀yìn máa ń pẹ́ nítorí pé o ṣì máa yọjú wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá òun ni lóòótọ́. Sípánà yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n fún mi níwèé lọ-gbélé-ẹ. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa, èmi ni mo di olùtọ́jú Oyinadé bí Stella bá lọ síbi iṣẹ́. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ máa ń bu mílíìkì jẹ nínú agolo. Bí mo bá ti rí ìyá rẹ̀ lókèèrè, mo máa ń kan irin fèrèsé bí ìwọ ṣe ń kàn án, ọmọ á sì nu ẹnu. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ, pẹ̀lú pípẹ́ rẹ̀.

Mi ò bá Rótìmí jà. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Mo ránṣẹ́ sí i pé àwa òṣìṣẹ́ àtijọ́ fẹ́ gbàdúrà sórí àwo rẹ̀ níbi ìpàdé wa ní Sátidé tó kọjá. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé sípíkà dání wá fúnra rẹ̀. Àwa méjìlá la wà níbẹ̀, mi ò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Job, bí o ṣe mọ̀ ọ́n, ti sùn lọ kí á tó ṣe àmín àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Orin keje bẹ̀rẹ̀, Alága ìpàdé wa fọwọ́ dí etí, ó bèèrè bóyá òrùlé ló ń jábọ́. Àwọn yòókù lejú. Rótìmí ń wò mí bí ẹni pé mo dẹ pàkúté fún un, kì í sì í ṣe irọ́.

Ni ìlù bá kàn án. Méjì. Mẹ́ta. Kí ọ̀kan tó gbẹ̀yìn tó dé, Job ti fò dìde tòun toorun, ó ń fọwọ́ wá òwú nínú afẹ́fẹ́, ó ní, "Mo wà níbí, sà." Alága ti ju obì ọwọ́ rẹ̀ sápò. Gbogbo wa nà ró ṣánṣán, a kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mọ́kànlélógún rèé tí ilé iṣẹ́ náà ti kú. Ìgbà tí a rí i pé kò sí ọ̀gá kankan, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fa omi yẹn.

Rótìmí bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Alága nu ojú, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló fi Àlàmú sínú àwo yín?"

A wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, sípánà, páìpù, àti yíyọjú tí o máa ń yọjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá orin náà padà sẹ́yìn. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Bàbá, a jẹ́ pé kò kọsẹ̀. Ó yọjú wò ni." Ó jáde síta, ó pe onílù tuntun náà lórí fóònù pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Mo délé, mo rò ó pé ó yẹ kí n ṣe ara mi lóore. Mo gbé agolo mílíìkì tí Stella ní mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn mọ́. Ṣíbí kejì ni mo wà tí mo gbọ́ ọ lára irin fèrèsé: méjì, mẹ́ta. Kí ọ̀kan yòókù tó dé, agolo ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oyinadé ló dúró síta, ẹ̀rín ń pa á kú lọ. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ bá mi mú ọ̀pá mi lábẹ́ ibẹ̀. Ẹ sì nu ẹnu yín, Mọ́mì ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ò tíì yí ohùn padà o, Yẹ́misí ṣì ń ti fèrèsé. Kí wọ́n máa jà á lọ. Ọmọ mi ló lù ú, ọ̀rẹ́ mi ló ni ín, kí ni tèmi nínú ìjà wọn? Ní kí Uswat bá ọ wá orin keje lórí fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n kó dì ọ́ mú kó tó tàn án, kí o má lọ máa wá sípánà kiri ilé. Bá mi kí Ìyá Uswat, bá mi kí àwọn ọmọ. Job ní kí n kí ọ. Kò tíì gbà pé òun sùn.

Èmi tí ọ̀gá ò bá lójú oorun rí, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ,

Gbénró