Bàbá Mi, Pálọ̀ Yín Ti Di Kíláàsì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta kọ́. Ìkórè kòkó ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ọyẹ́ sì tún ti dé sí Ìkéré. Òkè tí ẹ máa ń wò lójú fèrèsé láàárọ̀ kí ẹ tó bọ́jú, kùrukùru ti bò ó mọ́lẹ̀. Mọ̀ọ́mi wà dáadáa. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọn kò gbà kí n bá wọn gún iyán. Wọ́n ní ọwọ́ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà kò mọ uyán gún.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni mo fẹ́ ròyìn fún yín. Mo ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe wẹ́bùsáìtì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kọ̀wé nípa ara rẹ̀ tàbí ọjà rẹ̀, tó wá fi í síbi tí ẹni tó wà ní Èkó tàbí nílùú òyìnbó ti lè ṣí i kà. Kọ̀ǹpútà àlòkù méjì ni mo ní. Pálọ̀ yín ni mo gbé wọn sí, lórí tábìlì tí ẹ máa ń to rédíò àti ìwé orin sí. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn tí mò ń kọ́ máa ń wá: tíṣà kan láti Ẹmùré, ọmọbìnrin méjì tó ń retí èsì ìdánwò, àti Ìyá Mọríyámọ̀, télọ̀ tó ń wọkọ̀ wá láti Ìṣẹ́. Owó tí wọ́n ń san kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ra epo jẹnẹrétọ̀, èyí tó ṣẹ́kù ń ra oògùn orúnkún Mọ̀ọ́mi, ó ń ra ọṣẹ, ó sì ń jẹ́ kí n lè dá owó igbá ní ṣọ́ọ̀ṣì láìtijú.

Ìyá Mọríyámọ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Aṣọ ọmọdé ló ń rán, ó fẹ́ kí àwọn tó wà lọ́nà jíjìn rí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ń ṣàlàyé pé àmì tí a bá fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èkejì rẹ̀ la gbọ́dọ̀ fi parí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ojúewé á dàrú. Kò yé àwọn ọmọ náà. Ìyá Mọríyámọ̀ ló dáhùn.

"Ṣé bọ́tìnnì àti ojú bọ́tìnnì kọ́ nìyẹn? Ta ní í dá ọ̀kan sí aṣọ tí í gbàgbé èkejì?"

Láti ọjọ́ náà, bọ́tìnnì la ń pè é. Ẹ̀yin ì bá fẹ́ràn obìnrin yìí, Bàbá. Èmi ni mo sì ṣẹ̀ ẹ́.

Àga yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Aṣọ ìnura tí ẹ máa ń fi kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé, mo máa ń gbé e sí imú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn yín ti ń lọ. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Ní Sátidé kan, mo lọ bu omi lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo padà wọlé, Ìyá Mọríyámọ̀ ti jókòó sínú àga náà, ó sì ti ká aṣọ ìnura lé itan rẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin, bí télọ̀ ṣe ń ká aṣọ.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀? Ẹ dìde! Ẹ dìde ńbẹ̀!"

Bí mo ṣe pariwo mọ́ ẹni tó tó bí mi nìyẹn, níṣojú àwọn ọmọ. Ó dìde. Ó dá aṣọ ìnura padà sáyè rẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀. "Ẹ má bínú, tíṣà." Kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Sátidé tó tẹ̀ lé e, a kò rí i. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, a kò rí i.

Mọ̀ọ́mi kò bá mi wí. Wọ́n kàn ń gbé oúnjẹ síwájú mi láìsọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ bí ìyẹn ṣe máa ń dunni ju ẹgba lọ.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìṣẹ́, ọlọ́kadà kan sì gbé mi dé ìsọ̀ rẹ̀. Mo bá a nídìí maṣíìnì. Mo kúnlẹ̀ sórí àjákù aṣọ tó kún ilẹ̀. Ó fà mí dìde, ó bu omi fún mi, ó jẹ́ kí n mu ún tán.

"Àga bàbá rẹ ni, mo mọ̀. Kí lo wá ṣe fún un tó ń dùn ọ́ tó báyìí?"

Bàbá, mo sọ fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ẹ̀yin náà wàyí. Ẹ rántí ìgbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ tuntun, tí gbogbo ènìyàn ń wá iṣẹ́ ìjọba lọ sí Àdó. Ẹ kó ìwé ẹ̀rí mi sínú àpòòwé, ẹ wọ aṣọ ìsìn yín, ẹ ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, títí wọ́n fi pè mí pé kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. N kò lọ, Bàbá. Mo dé Àdó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi kan ni mo jókòó sí títí oòrùn fi rọ̀. Mo padà délé, mo ní wọn kò mú mi. Ẹ jáde lọ sí títì, ẹ ra àkàrà gbígbóná wá. "Yèyé mi, má sunkún. Uṣẹ́ tó mọyì rẹ ń bọ̀." Mo jẹ àkàrà náà tán lójú yín.

Mo ń rò ó pé tí iṣẹ́ tèmi bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, n ó jẹ́wọ́. Ẹ kò dúró. Ṣé ẹ ti mọ̀ ni? Ọjọ́ tí ẹ wà lórí ibùsùn tí ẹ di ọwọ́ mi mú, tí ẹ kàn ń wò mí, kí ni ẹ fẹ́ sọ?

Ìyá Mọríyámọ̀ gbọ́ ọ tán, ó fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lélẹ̀. "Bàbá tó lọ ra àkàrà yẹn, ọmọ ló ń rò, kì í ṣe uṣẹ́." Lẹ́yìn náà ló fa ìwé àjákọ kan yọ lábẹ́ maṣíìnì. Láti ọjọ́ tí kò ti wá, ó ti fi bírò kọ gbogbo ojúewé tirẹ̀ síbẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló gbàgbé. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún.

Ó padà wá. A tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, a fi àwòrán aṣọ kan tó rán kún un, a sì fi í sínú dísìkì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa méjèèjì lọ sí ilé íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Àdó láti gbé e jáde fún aráyé. Ó ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ẹní: orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ọrùn aṣọ pupa kékeré kan, lẹ́yìn náà apá, nígbẹ̀yìn ni etí aṣọ. Ìyá Mọríyámọ̀ pàtẹ́wọ́. "Aṣọ mi rèé o! Ẹ wá wò ó, aṣọ mi rèé!" Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yíjú sí wa, wọ́n ń bá a yọ̀.

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé. Mo wí lọ́kàn ara mi pé, jẹ́ kí n tètè máa lọ sílé kí n lọ sọ fún Bàbá. Mo ti gbé báàgì kọ́ èjìká, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, kí n tó rántí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.