Èéfín Tí Ọkọ̀ Màmá Mí Sínú

Abúlé Òkúta,
Bàrígà, Èkó.
Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Tabitha,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Samson, ọkọ yín, mo sì kí Tolúwalọpẹ́, ọmọ wa. Mo lérò pé ara yín le, àti pé òtútù ibẹ̀ ti dín kù. Ara tiwa náà le. Bí ẹ bá ní ọkàn ńkọ́, mi ò mọ èsì. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń lọ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Pásítọ̀ ní àlàáfíà Ọlọ́run ló bò mí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé nǹkan kan ti kú tipiri nínú mi, bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú téèyàn bá jókòó lé e pẹ́.

Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ ní níwọ̀n ìgbà tí ìwé ìgbélùú tí ẹ ń dúró dè ò jẹ́ kí ẹ lè wá sin Màmá, kí n fi aṣọ wọn kan tí a ò tíì fọ̀ ránṣẹ́, kí ẹ lè gbóòórùn wọn. Kò sí aṣọ náà mọ́. Kí lẹ́tà yín tó dé ni Ìyá Àyúbà, aládùúgbò wa tí òun àti Màmá jọ ń yan ẹja, ti kó gbogbo aṣọ wọn síta, tí wọ́n fi ọṣẹ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ìró, bùbá, gèlè, títí kan aṣọ ìnujú. Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ mi ò ní lọ tán kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé aṣọ ẹ̀ ń rùn bí ẹja. Tí àwọn ẹbí ẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ bá wá pín in, aṣọ tó mọ́ ni wọ́n máa bá." Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń dun àwọn ẹlẹ́ja tó. Mo bá wọn sá a sórí okùn. Ó ń ta yọ̀ọ́yọ̀ọ́ bí aṣọ àlejò.

Páìpù atẹ́gùn tí Ẹ̀gbọ́n Samson rà fún ọkọ̀ Màmá náà dé. Ẹ rántí pé Màmá fúnra wọn ló sọ fún yín lórí fóònù pé, "Kòrólà yìí ń mí hẹlẹ bíi tèmi. Tá a bá ti ń gun afárá, á máa kérora." Lẹ́yìn ìsìnkú ló dé. Mo gbé e sórí tábìlì, mò ń wò ó, mò ń bi ara mi pé ta ni mo fẹ́ dè é fún báyìí. Àmọ́ nǹkan tí èèyàn fi ìfẹ́ rà ò yẹ kó dípẹtà. Mo wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Mùtíù mẹkáníìkì.

Mùtíù yí páìpù náà síbí sọ́hùn-ún, ó ń dán gbinrin, fílítà pupa tó ṣẹnu ṣóńṣó wà lẹ́nu ẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ máa bá àwọn ọmọ ìgboro sáré ni? Ọkọ̀ ìyá arúgbó lẹ fẹ́ wọ bàtà eré ìje fún." Adéjìmí, tó ń kun ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ní, "Dè é fún wọn jàre. Tó bá ń bú ramúramù, ẹni tí wọ́n máa fẹ́ á gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀."

Mùtíù tú wáyà bátìrì, ó yọ sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń wọn atẹ́gùn kúrò lára àpótí ike tí fílítà àtijọ́ wà nínú ẹ̀ kó lè gbé e sára páìpù tuntun. Ó ní òun ò ní dojú fílítà kọ ìsàlẹ̀ bí ìwé tó bá a wá ṣe wí, torí ẹni tó ya àwòrán yẹn ò tíì rí òjò Bàrígà. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa omi mu, ó parí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpótí ike náà.

Ibẹ̀ ló ti dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ta ló gbé ẹja yíyan wá síbí?"

Adéjìmí tẹ̀ wá síwájú, ó fa imú. "Ṣáwá ni. Ṣáwá tó gbẹ dáadáa. Mùtíù, wá gààrí."

Mùtíù yọ fílítà àtijọ́ jáde. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Tíṣà, ibo ni Màmá máa ń gbé ọkọ̀ yìí sí?"

Ẹ mọ ibẹ̀: ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá tí wọ́n fi ń yan ẹja. Láràárọ̀ ni mo máa ń tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó gbóná, tí Màmá á máa kó ẹja tí wọ́n rà ní Ìlàjẹ kúrò lórí iná sínú apẹ̀rẹ̀, ká tó gbé e lọ tà ní Onípanu. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ náà ti ń mí èéfín wọn sínú. Mùtíù ní bí a bá ti pààrọ̀ fílítà yẹn nìkan ni, ọkọ̀ ì bá ti máa mí dáadáa láìsí páìpù kankan. Ohun tó jọ èyí ni dókítà sọ nípa ẹ̀dọ̀fóró Màmá, pé èéfín ti dí i. Tiwọn ni kò ṣe é tú.

Ó fẹ́ jù ú sórí ààtàn, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo fi í sí imú, mo mí sínú gan-an. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi, inú èéfín yẹn ni wọ́n bí mi sí, inú ẹ̀ ni mo ṣì ń sùn. Bóyá ó ti mọ́ mi lára jù. Bóyá imú mi náà ti kú ni. Mo bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. Adéjìmí ní, "Tíṣà, ṣé kátáà ń ṣe yín ni? Ebi ti ń pa mí nítorí ẹ̀."

Ọkọ̀ náà ń fà dáadáa báyìí, ohùn ẹ̀ sì ti ki. Nígbà tí mo wà á délé, Ìyá Àyúbà yọjú ní géètì, wọ́n ní, "Ọkọ̀ ta nìyẹn?"

Mo ti fi ọ̀rá wé fílítà àtijọ́ náà léraléra, mo dè é pinpin. Dọlápọ̀, ọmọ ìjọ wa tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, ló máa gbé e wá fún yín. Fílítà yẹn ni mo rí dípò aṣọ.

Kí Ọlọ́run tí Màmá ń ké pè láràárọ̀, tí èmi ṣì ń bi ní ìbéèrè, dá ẹ̀mí yín sí. Kí ìwé yín jáde. Nígbà tí a ó bá tún fojú kanra, kó jẹ́ ayọ̀ ni yóò kó wa jọ.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Bámilóyè.

Àfikún: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ ti fèrèsé kí ẹ tó tú ọ̀rá náà. Bí ẹ bá gbóòórùn wọn níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi bó ṣe rí gan-an, torí èmi ò mọ̀ ọ́n.