Òdo Tí Bàbá Ò Rí Mọ́

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì ni wọ́n ti kan pátákó ìkọ̀wé mọ́ ògiri yàrá ìjẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá, wọ́n fariwo pè mí: "Wá wò ó! Mo ti rí agbára tẹ́nì kan ò rí rí!" Ìṣirò nípa àlàfo àti àkókò ni, níbi tí ohun wíwúwo kankan ò sí, tí gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n wá àwọn nọ́ńbà ìsopọ̀, ìyẹn àwọn tó ń sọ bí ìlà tí a fi ń wọn nǹkan ṣe ń yí ojú padà láti ibì kan sí òmíràn. Àwọn nọ́ńbà náà ò jẹ́ òdo. Bàbá ní ẹ̀rí nìyẹn pé àlàfo náà wọ́, pé agbára tuntun kan ló tẹ̀ ẹ́.

Ṣebí Bàbá fúnra wọn ló kọ́ wa pé irú ìlà téèyàn bá yàn ló ń bí àwọn nọ́ńbà yẹn. Fi ìlà títọ́ wọn ilẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n to táìlì, òdo ni gbogbo wọn. Fi ìlà róbótó wọn ilẹ̀ kan náà, wọ́n á yọjú, torí ìlà róbótó ò yéé yí ojú padà. Ilẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ìlà róbótó ni Bàbá sì lò.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fi ìlà títọ́ tún un ṣe: òdo. Mo padà sórí ìlà róbótó wọn, mo wá bí àlàfo náà ṣe wọ́ tó: èyí tó yọ níhìn-ín pa ti ọ̀hún rẹ́, òdo náà ni. Wọ́n wò ó títí.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Olùkọ́ rẹ mà gbọ́n o!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n nu pátákó. Mo rò pé ó ti tán. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo tún gbọ́: "Wá wò ó!" Àràárọ̀ ni báyìí, pẹ̀lú ayọ̀ ọ̀tun. Dókítà ní àrùn ìgbàgbé ni, kò sì ní í padà sẹ́yìn.

Ibi tó wá le sí nìyí. Yunifásítì tí Bàbá ti ṣiṣẹ́ ní kí wọ́n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Mo yọ́ tẹ ọ̀gá ẹ̀ka físíìsì níbẹ̀ láago, mo ní ara Bàbá ò yá, wọn ò ní lè wá. Lọ́jọ́ náà, Bàbá wọ kóòtù, wọ́n dan bàtà, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ọkọ̀ wọn ò tíì dé ni?" Mo ní wọ́n ti sún un síwájú. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màá lè tún un yẹ̀ wò." Títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò bọ́ kóòtù.

Ṣé ìtìjú ni mo gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, àbí ayọ̀ wọn ni mo jí? Jọ̀wọ́ máa bọ̀ nílé. Ẹrù yìí ju orí ẹnì kan lọ.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. A ò ní í fi ẹkún pàdé.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó ń wọ̀nà fún ọ.

Àfikún: Bí o bá tẹ Bàbá láago, má bá wọn jiyàn. Ní kí wọ́n kọ́ ọ láti orí ìlà títọ́. Mo dán an wò láàárọ̀ yìí. Wọn ò ṣì í níbì kankan, wọ́n tiẹ̀ bá mi wí pé mi ò fara balẹ̀. Mo jókòó jẹ́ẹ́, mo jẹ́ kí wọ́n máa bá mi wí.