Àyẹ̀wò Mílíìkì Tí Mo Fi Pamọ́

                                        Yàrá Kejì,
                                        Ilé Àwọn Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Èmi ni mo ya ojú ìwé àyẹ̀wò rẹ, èmi ni mo sì fi í pamọ́. Mo sọ ọ́ kí n tó kí ọ, torí mo mọ ara mi: bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, ìkíni ni màá kọ títí ìwé á fi tán.

Ara ńkọ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ rẹ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì pè mí pé o kò lè dìde mọ́, pé gbogbo ẹni tó bá wọlé lò ń sọ fún pé o kò parọ́. Jọ̀ọ́, dúró dè mí. Má tíì lọ.

Ní ilé àyẹ̀wò tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, wọ́n gbé mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ọmọ ọwọ́ wá. O kán áyódìn, omi tó ń fi sítáàṣì hàn, sí i, ó dúdú bí aró. O wá ọ̀rá, kò sí. O wá èròjà amáradàgbà; omi àyẹ̀wò tó yẹ kó di àwọ̀ àlùkò kò yí padà. O tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ará ibi iṣẹ́ ń fi ọ́ ṣẹ̀sín: "Túnwò, ṣé mílíìkì máa dá ẹ lóhùn ni?" O ní, "Bùọ̀dá mi, sítáàṣì lásán ni. Ọmọ tó bá ń mu ún á yó, àmọ́ kò ní dàgbà."

Èmi ọ̀gá ibẹ̀ ti fọwọ́ sí i láàárọ̀ pé ó dára láì kán nǹkan kan sí i. Èsì oṣù tó kọjá ni mo dà kọ. Nígbà tí wọn kò rí ojú ìwé tí mo ya, wọ́n lé ọ bí òpùrọ́. Wọ́n pín in. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wú, irun wọn pọ́n, mẹ́ta kú.

Lẹ́yìn náà mo di olùkọ́. Èròjà mẹ́rin ni mo ń kọ́ wọn pé ó so ohun ẹlẹ́mìí ró: afáralókun, ọ̀rá, amáradàgbà, àti èyí tó ń gbé ìrísí òbí fún ọmọ. Bí mo bá dé ìkẹta, màá kọjú sí pátákó. Ìkẹrin ló fi ojú rẹ sí ojú mi. Mo ń rí ọ nínú dígí bí mo bá ń fá irùngbọ̀n.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lọ fún ogójì.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bí ó bá lè gbọ́ orúkọ mi.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ṣe bí ẹ̀gbọ́n,
Bùọ̀dá Ọ̀gá.

Ojú ìwé rẹ wà nínú àpò ìwé yìí. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé òtítọ́ ni, mo sì fọwọ́ sí i. Ní kí ọmọ rẹ kà á sókè.