Ìjókòó Tì Pósí Bàbá Tíṣà

Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi, èmi tí mi ò parí ìwé mẹ́fà yìí náà ni mo pa bàbá tíṣà lẹ́nu mọ́! Mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún màmá ti ń san. Ọ̀gá mi ní kò sẹ́ni tó ń kan pósí bíi tèmi.

Bàbá tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní ẹ̀rí wà pé Jésù jíǹde. Mo ní, "Ẹ̀rí wo? Ṣebí àwọn ẹ̀ṣọ́ ibojì fẹnu ara wọn sọ pé àwọn sùn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wá jí òkú gbé." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó yèè. Bàbá kàn rẹ́rìn-ín: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ yẹn?"

Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá kú. Èmi ni mo kan pósí rẹ̀ pa, èmi ni mo jókòó tì í lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e, ó fúyẹ́. Ìṣó mi ò yẹ̀ rárá. A ṣí i: aṣọ funfun tí wọ́n fi wé òkú nìkan ló wà níbẹ̀, ẹnì kan ti fara balẹ̀ ká a.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ bá mi gbàdúrà. Kí ọlọ́pàá má bàa ti ṣọ́ọ̀bù pa, ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn pé mo sùn, àwọn kan wá jí òkú gbé. Mo ti fọwọ́ sí i.

Àǹtí, mi ò sùn.