Gáàsì Ló Ń Ṣe Wá, Kì Í Ṣe Màmá Ìlérò

A lé ìyá àgbà tí kò ṣẹ̀ wá jáde nílé, a pè wọ́n ní àjẹ́, nísinsìnyí tí mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe àwọn, ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ la ẹnu mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí. N kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ṣakí níbí, gbogbo wa la mọ ara wa...

Tíṣà ni èmi àti ọkọ mi, ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tíṣà la ń gbé. Màmá Ìlérò jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi. Àwọn ni wọ́n tọ́ ọkọ mi dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, iṣu tí wọ́n ń gbìn ni wọ́n ń tà tí wọ́n fi rán an níléèwé. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ọkọ mi ní kí wọ́n kúrò ní Ìlérò wá máa gbé lọ́dọ̀ wa kí wọ́n lè máa lọ sí ọsibítù. Inú mi dùn sí i, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣé ẹ mọ ọyẹ́ tiwa lápá ibí, eruku á bo abọ́, ètè á là. Ọkọ mi kan pákó mọ́ fèrèsé ilé ìdáná, ó fi páálí dí gbogbo ihò kí òtútù má baà mú Màmá. Láàárọ̀ màá tan gáàsì, màá gbé omi ìwẹ̀ ká a, tí mo bá sọ omi kalẹ̀ tán màá jẹ́ kí iná ṣì máa jó kí ilé lè móoru...

Kò pẹ́ tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wa. Òòyì, èébì. Tí a bá dé iléèwé, ara á yá, tí a bá tún padà sílé, ó di kí orí máa fọ́. A lo oògùn ibà títí. Màmá ní orí ń fọ́ àwọn náà, ọkọ mi ní wọ́n ń díbọ́n ni, ó ní kí wọ́n tó dé, ṣé nǹkan kan ń ṣe wá? Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó... Mo wá ń da ọbẹ̀ tí Màmá bá sè nù sẹ́yìnkùlé. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọmọ mi obìnrin, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bísí, ṣubú lulẹ̀ nílé ìdáná, ó dákú. A gbé e síta, a ń pariwo orúkọ rẹ̀ kó tó jí. Ọkọ mi dojú kọ Màmá lójú gbogbo aládùúgbò: "Ṣé ẹ tọ́ mi dàgbà kí ẹ lè wá jẹ ọmọ mi ni?" Màmá kàn ń wo ọwọ́ ara wọn. Èmi ni mo di ẹrù wọn. Ọkọ mi fi wọ́n sínú mọ́tò, ó sì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí pé kí wọ́n ṣọ́ra fún wọn. Wọ́n lọ tán, orí wa kò yéé fọ́. Ọkọ mi ní ọwọ́ wọn ló gùn, pé láti Ìlérò ni wọ́n ti ń ṣe é.

Aṣọ fèrèsé gbiná nílé ìdáná tíṣà kan, ni ọ̀gá iléèwé bá ní kí ẹni tó ń ta gáàsì fún wa wá yẹ ti gbogbo wa wò. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo rò pé yóò kàn wo sílíńdà ni, kó máa lọ. Ó ní kí n po ọṣẹ sómi, ó fi ìhó rẹ̀ pa orí sílíńdà àti rọ́bà, ó ní tó bá ń hó kúbọ́kúbọ́, gáàsì ń jò nìyẹn. Kò hó. Ọkàn mi balẹ̀. Ó ní kí n tan iná. Iná pọ́n yòò, ó ń fò sókè. Ó dojú ìkòkò mi dé, ìdí rẹ̀ dúdú bíi ti ẹni tó ń fi igi dáná. Ó wo pákó ojú fèrèsé, ó wá wò mí: "Tíṣà, ṣé orí kì í fọ́ yín nínú ilé yìí?" N kò sọ nǹkan kan fún un o! Ó ní eruku ti dí ojú ihò iná, kò jó dáadáa mọ́, tí irú iná bẹ́ẹ̀ bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti wọlé, ó ń tú èéfín burúkú tí a kì í rí, tí kì í rùn, ó lè pa odidi ilé. Ó fọ ojú iná, iná di búlúù. Ó yọ pákó náà, ó ní n kò gbọdọ̀ dáná láì ṣí fèrèsé mọ́. Láti ìgbà náà, orí kò fọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo sọ fún ọkọ mi. Mo rò pé yóò sunkún. Ó ní, "Ìyá Bísí, ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ jáde." Ó ní ojú wo ni òun fẹ́ fi wo ẹbí, òun tí òun kan pákó? Ó ní tí mo bá sọ ọ́, kí n di ẹrù tèmi náà. Mo ti lọ sí gáréèjì rí, mo ti jókòó sínú mọ́tò Ìlérò, ẹnì kan tó mọ ọkọ mi kí mi, ni mo bá sọ̀ kalẹ̀. Ṣé ènìyàn ni mí báyìí?

Lánàá obìnrin kan tó ń ti Ìlérò gbé gàrí wá jẹ́ iṣẹ́ Màmá fún mi. Kì í ṣe èpè. Wọ́n ní àwọn ti rò ó títí, bóyá lóòótọ́ ni nǹkan náà wà lára àwọn tí àwọn kò mọ̀. Wọ́n ní kí n forí ji àwọn. Wọ́n ní àwọn ti ń gbààwẹ̀ kó lè kúrò, kí Bísí lè yè... pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn! Ṣé kí n lọ ni? Tí ọkọ mi bá lé mi, àwọn ọmọ mi ńkọ́? Ta ni yóò gbà mí gbọ́ lójú rẹ̀? Mo mọ̀ pé yóò pẹ́ kí èsì yín tó jáde. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Màmá ò tíì jẹun.