Imú Ìyàwó Mi àti Rọ́bà Omi Ọkọ̀ Wa

                                        Ilé Olórùlé Pupa,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìlagi,
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Gíá Kẹta, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ìyàwó mi kú ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. O mọ̀. O ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn, èmi ni mi ò fèsì. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ó má baà jókòó sáàárín ọ̀rọ̀ wa bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò fún lómi. Ó tán. Ẹ̀rín ló kún ẹnu mi lónìí, má sì rò pé orí mi ti dàrú.

Ara rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń fi iyọ̀ pa mọ́ fún ọ? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, àbí o ti jáwọ́? Àwa wà níbí. Ara le, eyín nìkan ló ń dín kù. Àkọ́bí mi obìnrin ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí o mọ̀ pé èmi ò kàwé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé gbogbo ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, títí kan èyí tí kò bá dùn mọ́ ọn nínú.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wa ni mo bá wá, ọkọ̀ funfun yẹn tí a gbé wá sí òkè rẹ nígbà tí o ṣílé. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ ti lọ, ṣe ni ọkọ̀ náà ń hó bí ìkòkò. Ó hó níwájú ilé-ìwé. Ó hó níwájú ilé ìfowópamọ́. Ó hó lọ́jọ́ tí mo ń gbé àna mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, tí ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú ti ọkọ̀. Ọjọ́ yẹn ni àkọ́bí mi fárígá. Ó ní, "Bàbá, tí ọkọ̀ yìí bá tún hó, mo máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, màá sì pe àwọn tó ń ra irin àlòkù." Mo ní kó pè wọ́n kí wọ́n wá gbé èmi náà, mo ṣáà ti di àlòkù. Kò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ló jọ.

Àyà mi já o. Bọ́ọ̀sì kì í gun òkè rẹ, ẹsẹ̀ mi ò lè gùn ún, orúnkún rẹ ò sì lè sọ̀ kalẹ̀ wá. Bí ọkọ̀ yìí bá lọ, èmi àti ìwọ ò ní fojú kan ara wa mọ́ nìyẹn.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá, gééjì tó yẹ kó sọ fún yín pé ẹ́ńjìnì ti gbóná ò ṣiṣẹ́. Láti ìgbà wo?" Mo ní láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ti ń rákò. Àbíkẹ́yìn mi ti nírùngbọ̀n báyìí. Ó ní, "Kí lẹ wá fi ń mọ̀?" Ibẹ̀ ló ti wá yé mi. Gíá Kẹta, imú ìyàwó mi ni gééjì wa! Omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ máa ń ní òórùn dídùn tó bá ń jò. Obìnrin náà á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á fa imú, á ní, "Baálé mi, dúró, nǹkan kan ń rùn bí súìtì." Èmi á bọ́ sílẹ̀, màá fi rọ́bà inú táyà tí mo gé tẹ́ẹ́rẹ́ di ojú ibi tó ń jò, a ó máa lọ. Imú obìnrin ni mo fi wakọ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn! Mo ti rò pé ọkọ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ọ̀fọ̀ wo? Ó ti ń jò tipẹ́. Ẹni tó ń gbóòórùn rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Mẹ́káníìkì tú àwọn rọ́bà tí omi ń gbà láti rédíétọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnì, ńlá kan, kékeré kan. Ó ní kí n mú wọn dání lọ sọ́jà, kí n má ra èyí tó tọ́ gbọọrọ, torí ti ọkọ̀ wa ní ìgbọ̀nwọ́, àti pé ẹni tó bá fi ipá tẹ gbọọrọ, ṣe ni yóò ká, tí omi ò ní rí ọ̀nà gbà. Mo gbé ńlá kọ́rùn, mo wọ bọ́ọ̀sì. Bí obìnrin kan ṣe rí i, ó figbe ta, "Ejò!" Ìdajì bọ́ọ̀sì dìde. Awakọ̀ ní ta ló gbé ejò wọ ọkọ̀ òun. Mo ní, "Tèmi kì í bu èèyàn jẹ, omi nìkan ló ń mu." Ìjókòó elérò mẹ́ta, èmi nìkan ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún.

Obìnrin tó ń ta rọ́bà náà gbé ìgò ojú síwájú orí, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó kọ́kọ́ mú dúdú kan tó rọ̀ wá. Mo wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, kò ní okùn nínú. Mo ní kó gbé ìfun adìyẹ rẹ̀ kúrò níwájú mi. Ó mú òmíràn, tí okùn hun inú rẹ̀, tó sì tẹ̀ níbi tí tèmi ti tẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ sára aláwọ̀ búlúù kan tó nípọn, tó ń dán. Ó ní, "Bàbá, ihò rẹ̀ fẹ̀ ju ti yín lọ. Kílíìpù tí a fi ń dì í kì í sọ agbádá di bùbá." Mo ní kó jẹ́ kí n fi àtàǹpàkò mi wọ̀n wọ́n. Ti ńlá gba àtàǹpàkò lọ gba á bọ̀. Mo ti í bọ inú kékeré. Ó há.

Mo fà á, kò jáde. Obìnrin náà fà á, kò jáde. Ó ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi òrùka fẹ́ mi, ẹ lọ ra ti wúrà." Mo ní, "Ìwọ ló yẹ kó dúpẹ́, èyí kì í dípẹtà." Ọ̀rẹ́ mi, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà lọ́wọ́ bí ìtàkùn. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì yẹn. Omi ọṣẹ la fi yọ ọ́. Mo fi búlúù sílẹ̀, mo ra ńlá àti kékeré tí okùn hun inú wọn.

Ní ti kílíìpù, ó ní ọ̀kan tí wọ́n lu ihò sára bẹ́líìtì rẹ̀. Ìyẹn máa ń jẹ rọ́bà bí eku. Èyí tí inú rẹ̀ dán ni mo mú. Ó ní kí n má fún un jù, kí n wakọ̀ kó gbóná, kí n jẹ́ kó tutù, kí n tún un dì. Mo ní mo ti gbọ́. Àgídí kì í gbọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí mo ti di àwọn rọ́bà náà mọ́ ọkọ̀, a gbé e jáde kí a dán an wò, àkọ́bí mi ní ìjókòó ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ lára kọ́kọ́rọ́. A gun òkè ibi táǹkì omi, kò hó. Mo ń súfèé. Òun bá fa imú, ihò òsì ló kọ́kọ́ gbé sókè, bíi ti ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ dúró, nǹkan kan ń rùn bí súìtì." Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ! Mo dúró. Mo mọ̀ pé ó tán, òkè rẹ ti lọ. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ló ń bọ́ lábẹ́ kílíìpù tí mo kọ̀ tí mi ò tún dì. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Kì í ṣe ìyẹn, sukúrúdíráfà ni mo fẹ́."

A dúró kí ọkọ̀ tutù, ó wá dì í wẹ́rẹ́, láìfún un jù. A wo ara wa, ẹ̀rín sì gbé wa, títí ẹni tó ń kọjá lọ fi ní ṣé kò sí o. Bó ṣe ń kọ èyí, ó tún ń fa imú. Ó ní òtútù ni. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mi ò gba kọ́kọ́rọ́ padà. Ọwọ́ mi ló ń wakọ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, kí orúnkún rẹ náà. Ọjọ́ tí a ó gun òkè rẹ, má bi mí. Imú ilé wa ni kó o bi, òun ló mọ̀.

Èmi tìrẹ, tí kò gbọ́ràn rí,
Àgídí.
(Àtàǹpàkò mi rèé, ìyẹn gan-an tó há.)